Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Kútì di ti orin nìkan

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lókun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mo sì mọ̀ pé ẹ máa ń gbà kí àwa òǹkàwé náà sọ tẹnu wa, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ni, orúkọ Kútì. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin oníròyìn bá ti kọ "Kútì" gàdàgbà sójú ìwé, ti Fẹlá ni, àbí ti Fẹ́mi, àbí ti Ṣeun, àbí ti Mádé ọmọ Fẹ́mi, ó wá di pé àwọn ọmọ tó ń ka ìròyìn lórí fóònù ò mọ nǹkan míì mọ́ orúkọ yẹn ju sasofóònù àti Shrine, ìyẹn ilé orin Fẹlá, lọ. Mi ò bá orin jà o, orin Fẹlá ń dùn mọ́ èmi náà, mo sì mọ ohun tójú ẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà. Àmọ́ èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, tẹ́nì kan bá ti dárúkọ Kútì, ẹ̀gbọ́n Fẹlá ló kọ́kọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn, ìyẹn Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, tí wọ́n ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992. Ó dùn mí wọra pé ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ayé ìgbà yẹn gbà là ti di bàbá ọmọ báyìí, kò sì mọ orúkọ ẹni tó jà fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ láàrin 1986 sí 1992, ẹ rántí ná. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ nígbà yẹn bí ẹni ń ṣá ewé, kì í sì ṣe ìgbẹ́ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n, omi ara wọn ló ń gbẹ tán, ojú á jìn wọnú, àwùjẹ̀ orí á wọlé, ọmọ á sunkún títí omijé ò ní jáde mọ́. Àwọn ìyá wa ò sì fẹ́ fún ọmọ lómi rárá, wọ́n gbà pé tí omi ò bá wọlé ìgbẹ́ á dá, bẹ́ẹ̀ omi yẹn gan-an lọmọ nílò. Ohun tí wọ́n ní ká máa kọ́ àwọn ìyá ni omi, iyọ̀ àti ṣúgà. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì la fi ń wọn omi, torí pé kò sílé tí wọn ò ti ní rí ìyẹn, a ó fi ṣíbí kékeré wọn iyọ̀ àti ṣúgà sí i, a ó wá ní kí ìyá ọmọ tọ́ ọ wò kó tó fún ọmọ, tí iyọ̀ ẹ̀ bá ti ju ti omijé lọ kó dà á nù kó pò míì. Wọ́n ń ṣe é lórí rẹ́díò, wọ́n ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n, a ń ṣe é lábẹ́ igi, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí. Lóde òní ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò sínú pákẹ́ẹ̀tì, àti zinc ni wọ́n ń fún ọmọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn ohun tó wà ní kíṣìnnì ìyá tálákà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Kó tó di pé wọ́n ṣe mínísítà ni wọ́n ti ń ro irú nǹkan báyìí. Yunifásítì Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1967, àwọn ni olórí ẹ̀ka ìwòsàn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Gbájà ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n máa tọ́jú àìsàn tó wọ́pọ̀, kí wọ́n máa fún ọmọ ní àjẹsára, kí wọ́n máa bá ìyá sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí, gbogbo ẹ̀ lójú kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí nínú iṣẹ́ wa lè má mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Nígbà yẹn nọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ sọ pé òun mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, dókítà nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀, dókítà ò sì tó nǹkan, wọ́n pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, wọn ò sí lóko. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó kàwé débi tó kàwé dé wá sọ pé nọ́ọ̀sì lè ṣe é, ẹ kọ́ wọn kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Àwa nọ́ọ̀sì ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé.

Nígbà tí wọ́n wá di mínísítà, wọ́n gbé e lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ètò ìlera alábọ́dé bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ní ìjọba ìbílẹ̀ 52 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, ní 1988 wọ́n gbé ìlànà ètò ìlera jáde fún Nàìjíríà, nígbà tó di 1992 wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé sílẹ̀, àjọ yẹn ṣì wà títí dòní. Owó tó jẹ́ pé ọsibítù ńláńlá nìkan ló ń gbé e mì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí díẹ̀ nínú ẹ̀ máa dé abúlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kárí, èéyi, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ikọ́ líle, ipá, ikọ́ fée, gbogbo ẹ̀ la ń gbógun tì. Iye tí gọ́fúmẹ́ǹtì kéde nígbà tó di 1990 ni pé ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba àjẹsára, àwa tá a ń ru ike yìnyín kiri ojúlé mọ iṣẹ́ tá a ṣe. Nígbà tí wọ́n kúrò, ó já wálẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ kọ ìyẹn náà, pé nǹkan tó gòkè wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn wọn bó ṣe jẹ́.

Mo ní kí n sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n tán kí n tó lọ sẹ́yìn, torí orúkọ yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bàbá tó bí bàbá wọn ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kútì, ọmọ Ìgbẹ̀ìn níbí ní Abẹ́òkúta, wọ́n bí i ní 1855, ó sì kú ní 1930. Àlùfáà ni, ó sì ń kọrin, orin Yorùbá ló fi ń wàásù, kódà láàrin àwọn ọdún 1920 ó kọ orin tó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Torí náà ẹni tó bá sọ pé Fẹlá ló bẹ̀rẹ̀ orin nílé yẹn, kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Kánọ́ọ̀nù, bàbá Fẹlá, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kútì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dáódù, ilé ìwé ló mú lọ́kùn-únkúndùn. Ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé gíráámà Ìjẹ̀bú-Òde, ó tún wá ṣe ọ̀gá ní Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Tíṣà tó ń gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ lónìí, tó bá ń dìde fún orin ẹgbẹ́, ó yẹ kó mọ̀ pé Kútì kan ló jókòó sórí àga yẹn kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ Dáódù nìyí. Ní 1943 ìjọba gẹ̀ẹ́sì gbé kọ̀mítì kan dìde, Elliot Commission ni wọ́n ń pè é, pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní yunifásítì. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà ò ju mẹ́ta lọ, ẹni tó lọ láti Nàìjíríà ni Dáódù. Ẹ ò rí i pé tíṣà ilé ìwé gíráámà ni wọ́n mú lọ bá àwọn pọfẹ́sọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jókòó. Ní 1945 ìròyìn wọn jáde, nígbà tó di 1948 University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ń jẹ́ Kuti Hall ní UI títí dòní olónìí. Ọmọ àbúrò mi kan gbé Kuti Hall, ó kàwé jáde níbẹ̀, Fẹlá ló rò pé wọ́n fi sọ ilé yẹn, ó ní gbogbo àwọn tí àwọn jọ wà ní yàrá náà ló gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a wí, ta ló sọ fún un? Àkọlé tó ń rí nínú ìwé ìròyìn látìgbà tó ti gbọ́njú, Kútì olórin ni.

Orúkọ náà fúnra ẹ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí ọdún 1970 ti sún díẹ̀, Fẹlá yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó sí i, ó ní orúkọ ẹrú ni Ransome. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè àti Dókítà Beko àbúrò wọn ò yọ ọ́. Àwọn ọmọ Fẹlá wá ń jẹ́ Kútì lásán. Bó ṣe wá rí ni pé ẹ̀ka olórin ń jẹ́ Kútì, ẹ̀ka oníṣègùn ń jẹ́ Ransome-Kútì, ọmọ tó bá tẹ "Kuti" sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, orin ló máa kún ojú fóònù ẹ̀, kò ní mọ̀ pé àwọn dókítà wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lè tún ìyẹn ṣe. Kò ná yín ní nǹkan kan kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni ṣáájú kẹ́ ẹ tó kọ Kútì, Fẹ́mi Kútì, Ṣeun Kútì, Olíkóyè Ransome-Kútì, kẹ́ ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé irú ẹni tó jẹ́ àti bó ṣe bá àwọn yòókù tan. Àwọn Kútì míì sì tún wà o, ní Abẹ́òkúta níbí àti láwọn ibòmíì, tí wọn ò bá ìdílé yẹn tan rárá, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn jẹ́jẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ máa ru ẹrù ẹni tí wọn ò mọ̀.

Àbí ẹ mọ̀ pé ìṣègùn ni wọ́n rán Fẹlá lọ kọ́ ní 1958? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n rán an lọ, kó lọ di dókítà bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìgbà tó débẹ̀ ló gba Trinity College of Music lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ti kọ́ ìṣègùn ní Trinity College tiwọn, ti Dublin nílẹ̀ Ireland, wọ́n parí ní 1954. Ọmọ ìyá méjì, Trinity méjì, ọ̀kan di abẹ́rẹ́ ìkejì di fèrè. Beko tó kéré sí wọn gba Manchester lọ, òun náà di dókítà, ó padà wálé ní 1963. Àǹtí wọn tó dàgbà jù, Dolúpọ̀, nọ́ọ̀sì ni, ẹ wò ó bí inú mi ṣe máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn. Ìyá wọn, Màmá Fúnmiláyọ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn ò lè wọ inú lẹ́tà kan, obìnrin tó kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, wọ́n tó kọ ìwé ìròyìn odidi fún lọ́tọ̀.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà wá dáná sun ilé Fẹlá ní February 18, 1977, ọgbà kan náà ni kílíníìkì Dókítà Beko wà, ó bá a jóná. Wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá yẹn kú. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn ilé Fẹlá tó jó, ẹ ti kọ ọ́ láìmọye ìgbà, àmọ́ ẹ bi ara yín, ìgbà mélòó lẹ kọ ọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn jó lọ́jọ́ yẹn? Dókítà Beko ò dẹ́kun, ó ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn dókítà l'Ékòó, ó tún wá darí àwọn tó ń jà kí ológun kúrò lórí oyè, ní 1995 àwọn Abacha jù ú sẹ́wọ̀n gbére, ẹ̀yìn ìgbà tí Abacha kú ní 1998 ló tó jáde.

Ó wá kan 1997. Fẹlá kú lọ́jọ́ Sátidé, August 2. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ ìbí Dókítà Beko, inú ẹ̀wọ̀n ló sì wà. Ẹni tó kù tó lè dìde dúró níwájú àwọn oníròyìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jáde, wọ́n sọ ọ́ ní tààrà pé Éèdì ló pa àbúrò àwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó nígbà náà. Àwọn èèyàn ò gbà pé Éèdì wà, wọ́n ní òyìnbó ló fẹ́ fi dẹ́rù bà wá ká má bímọ mọ́. Ẹni tí àìsàn náà bá pa, ẹbí á ní ibà ni, wọ́n á ní àwọn ọ̀tá ni. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fúnra wọn wà nípò mínísítà, ní 1986, ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé àrùn náà ti dé Nàìjíríà, èèyàn sì ń bú wọn. Wọ́n wá gbé òkú àbúrò tiwọn, olórin tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ wa, wọ́n fi kọ́ wa. Àwọn kan bínú pé wọ́n dójú ti ẹbí, títí dòní àwọn kan ṣì ń jiyàn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, mo sì fẹ́ sọ fún yín ohun tá a rí: àwọn ọkùnrin tí wọn kì í tẹ́tí sí wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ń béèrè bó ṣe ń ràn, wọ́n ń béèrè kọ́ńdọ̀ọ̀mù láìfi ojú pamọ́. A ti lẹ pósítà títí kò yé wọn, orúkọ Fẹlá ló jẹ́ kó yé wọn, àmọ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ti jáde. Èmi ò rò pé ìgboyà kan wà nínú gbogbo ìtàn ìdílé yẹn tó ju ìyẹn lọ, àti ti ìyá wọn, àti ti àwo orin, gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọ irú nǹkan báyìí. Ọdún 1986 tí Ṣóyínká gba Nobel, tí inú gbogbo wa dùn, ọdún yẹn náà ni wọ́n fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè ní ẹ̀bùn Léon Bernard lágbo àjọ ìlera àgbáyé. Ìbátan sì ni wọ́n o, ìyá Ṣóyínká wá láti ìdílé Kánọ́ọ̀nù yẹn. Ẹbí kan náà lọ́dún kan náà, ọ̀kan fún ìwé kíkọ ìkejì fún ìlera, ẹ̀bùn kejì yẹn ò sẹ́ni tó rántí ẹ̀. Ní 1990 UNICEF tún fún wọn ní tiwọn, Maurice Pate. Wọ́n kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní June 1, 2003, ibi iṣẹ́ ìlera náà ni wọ́n lọ, wọn ò lọ gbafẹ́.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún ni yìí. December 30, 1927 ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tó bá di December 30, 2027, á pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo October la máa ń ṣe Felabration, ìyẹn àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí Fẹlá, ìjọba ń wá, àwọn òyìnbó ń wá, ó dáa, kí wọ́n máa ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ní ojú ìwé tiẹ̀, kì í ṣe ìkíni tí olóṣèlú máa sanwó fún, mo ń sọ ìtàn gidi, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ láti ìsinsìnyí. Ẹ lọ Gbájà. Ẹ lọ UI kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ Kuti Hall ohun tí wọ́n mọ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tí wọn ò mọ̀ fún wọn. Ẹ wá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú 52 yẹn kẹ́ ẹ lọ wo sẹ́ńtà wọn lónìí, bóyá fíríìjì àjẹsára ṣì ń tutù, bóyá nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ sì tètè ṣe é, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tá a jọ rìn lábúlé nígbà yẹn ti dàgbà, àwọn kan ti kú, àwọn míì wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n àwa tó kù ṣì máa ń rí ara wa níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ayẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì, a sì máa ń sọ ọ́. Mo ti bá mélòó kan nínú wọn sọ̀rọ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yìí, wọ́n gbà láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ọ̀kan ṣì ní káàdì ìkọ́ni tí wọ́n fún wa, tí wọ́n ya ìgò bíà àti ṣíbí sí. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ẹ̀yìn àpòòwé lẹ́tà yìí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ tí akọ̀ròyìn yín bá ti ṣetán kó pè mí, màá kó wọn jọ fún un.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.